Krobo Edusei àti Àṣẹ Lórí Ọ̀nà ní Kumasi

Krobo Edusei, tí wọ́n bí ní Kumasi ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1914, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóṣèlú díẹ̀ tí ohun gbogbo tó ń gbé ènìyàn àti ẹrù káàkiri Ghana wà níkàáwọ́ wọn láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà kúrò lábẹ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó sì fi Kwame Nkrumah jẹ ààrẹ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1960, Edusei ni mínísítà ètò ìrìnnà àti ìbánisọ̀rọ̀, tó túmọ̀ sí pé rélùwéè, èbúté, ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi ìjọba àti ọkọ̀ òfuurufú ìjọba ló ń jábọ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìtàn tó gbajúmọ̀ nípa rẹ̀, rélùwéè kì í fara hàn. Ibùsùn oníwúrà kan tí ìyàwó rẹ̀ rà ní London ló gba gbogbo àyè. Ohun tí ìtàn bẹ́ẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀ ni pé ní Kumasi, àṣẹ lórí ọkọ̀ àti àṣẹ lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan náà, àti pé mínísítà tó bá fẹ́ tún irú ìlú bẹ́ẹ̀ tò láìní ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ní láti wá nǹkan mìíràn lò. Òfin ni Edusei àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lò, ní pàtàkì òfin tó ń sọ ẹni tó lè gbé inú ìlú àti ẹni tí kò lè gbé ibẹ̀.

Àṣẹ lórí ọ̀nà ti pẹ́ gan-an ní ìlú náà ṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú èyíkéyìí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún, Kumasi ni oríta tí àwọn ọ̀nà ńlá ilẹ̀ Asante ti pàdé: àwọn kan sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cape Coast, Elmina àti Accra, níbi tí wọ́n ti ń fi wúrà àti ẹrú gba ìbọn àti aṣọ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó etíkun, àwọn yòókù sì gòkè lọ sí Bonduku àti Salaga, tí àwọn oníṣòwò Hausa ti ń wá ra obì. Asantehene, ìyẹn ọba tó wà lórí gbogbo àwọn ọba Asante, fi àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní nkwansrafo sí ojú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn sì jọ ti àwọn oníbodè nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé wọ́n ń gba owó, wọ́n sì ń yẹ ẹrù wò. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń dá àwọn oníṣòwò kéékèèké dúró títí àwọn tó ń ṣòwò fún ààfin yóò fi dé ọjà, kí ọjà ọba lè kọ́kọ́ tà. Nígbà tí Thomas Edward Bowdich, òyìnbó tí ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì rán láti Cape Coast, dé Kumasi ní 1817, ó rí àwọn òpópónà tó fẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn ló ní orúkọ, tí balógun kan sì ń ṣe àkóso ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ di ipò olùṣètò ìlú mú ní Kumasi, àwọn balógun òpópónà wọ̀nyí ló yẹ kí a wò, nítorí pé ọba tó fún wọn ní òpópónà náà ló ni ilẹ̀, òun náà ló sì ni ọ̀nà, kò sí ìyapa láàárín méjèèjì.

Ohun tí kò sí nínú ètò yìí ni ọkọ̀ tó ń yí lórí àgbá kẹ̀kẹ́. Ní 1841, ajíhìnrere Wesleyan nì, Thomas Birch Freeman, ẹni tí àwọn òǹkàwé Yorùbá mọ̀ nítorí pé ó dé Badagry àti Abẹ́òkúta lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan wá fún Asantehene Kwaku Dua I, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi fà á gba inú igbó láti etíkun, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ àti aláàárù ni wọ́n la àwọn ọ̀nà Asante fún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ya ọ̀nà àti ilẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n dáná sun ìlú náà ní 1874, wọ́n sì mú Asantehene Prempeh I lọ sí ìgbèkùn ní 1896. Lẹ́yìn ogun tí Yaa Asantewaa ṣáájú rẹ̀ ní 1900, wọ́n sọ gbogbo Asante di ilẹ̀ àmúsìn ní 1901. Ilẹ̀ tó yí odi àwọn ọmọ ogun wọn ká dé ìwọ̀n máìlì kan ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ìkógun. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Sekondi ní 1898 gba ibi wíwa wúrà ní Tarkwa àti Obuasi kọjá, ó sì dé Kumasi ní 1903. Èyí tó wá láti Accra kò parí títí di 1923. Ọ̀nà irin méjèèjì wọ̀nyí ló sọ Kumasi di ọjà kòkó, wọ́n sì kó àwọn àlejò wọ Zongo, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti òkè ọya àti láti Nàìjíríà. Àwọn Yorùbá, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti àwọn ìlú míì ní ìhà àríwá ilẹ̀ Yorùbá, wà nínú wọn, wọ́n sì wà nínú ọjà, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ohun wẹ́wẹ̀wẹ́ tí ènìyàn fi ń gbé ilé.

Àìsàn ló mú kí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìlú. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi ní 1924, ní ọdún kan náà tí wọ́n jẹ́ kí Prempeh I padà wálé láti Seychelles. Lọ́dún kejì, ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìlera gbogboogbò sílẹ̀ fún ìlú náà, ìgbìmọ̀ yìí ló sì ń wó àwọn ilé tó há, tó ń la òpópónà, tó sì ń bójú tó ọjà ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí àbàtà lẹ́bàá ojú irin, nítòsí ibi tí ibùdókọ̀ Kejetia gbilẹ̀ sí. Ìjọba kan náà kò fẹ́ kí lọ́rì gba oúnjẹ lẹ́nu rélùwéè rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi apá kan sílẹ̀ láìlà nínú ọ̀nà ọkọ̀ tó so Accra mọ́ Kumasi, nígbà tó sì di 1936 wọ́n ṣe òfin tó de irú àwọn ẹrù kan kí lọ́rì má lè gbé wọn gba àwọn ọ̀nà kan. Ó ṣòro láti má rí nkwansrafo àtijọ́ nínú òfin yìí, nítorí pé ọgbọ́n kan náà ni: kí ọjà ẹni tó ni àṣẹ kọ́kọ́ tà.

Ìpinnu méjì ló tẹ̀ lé e tó kan ìtàn Edusei gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1943 ìjọba dá ilẹ̀ ìlú Kumasi padà fún Asantehene Prempeh II, kí ó máa dì í mú ní orúkọ Àga Wúrà, tí í ṣe àmì ọkàn àti ìṣọ̀kan gbogbo Asante. Ní 1945, Maxwell Fry, ayàwòrán ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, yóò ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn láìpẹ́ sí i, ṣe ètò kan fún Kumasi gẹ́gẹ́ bí ìlú ọgbà, tí igi àti koríko yóò wà ní àfonífojì àwọn odò kéékèèké, tí ilé iṣẹ́, ilé gbígbé àti ọjà yóò sì ní àyè tiwọn. Láti ìgbà náà ni ìwé àwòrán ìlú ti wà ní ọ́fíìsì ìjọba, tí ilẹ̀ tí wọ́n yà sínú rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Manhyia, ìyẹn ààfin.

Edusei kì í ṣe ọmọ ààfin, kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò tàbí dókítà bí àwọn olóṣèlú tó ṣáájú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Kumasi ló lọ, ó ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn fún Ashanti Pioneer, ìwé ìròyìn tí John Tsiboe dá sílẹ̀ ní 1939, ó sì wà nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Asante sílẹ̀ ní 1947. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun àtijọ́ mẹ́ta ní Accra ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, tí ìjọba sì mú Nkrumah àti àwọn aṣáájú márùn-ún míì, ẹ̀wọ̀n Kumasi ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí, ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn dé etí ìjọba pé àwọn ọ̀dọ́ Edusei ń múra láti já ẹ̀wọ̀n náà, wọ́n yára kó wọn lọ sí òkè ọya. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Nkrumah dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀, Edusei sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti oṣù Kìíní ọdún 1950, nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì wọlé ìbò 1951, òun ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń kó àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ jọ, tó ń rí i pé wọ́n wá síbi ìdìbò, tí wọ́n sì dìbò bí ẹgbẹ́ ti fẹ́. Ipò yìí bá a mu. Kò sẹ́ni tó fi ọgbọ́n ìwé kà á sí, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń pe èrò jọ, ó sì mọ bí a ti ń dẹ́rù ba èrò.

Ìlú tó bí i ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1954, ìjọba Nkrumah fi òfin de owó kòkó sí ṣílè 72 fún ẹrù oníwọ̀n 60 pọ́ùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ní ọjà àgbáyé ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé ìyókù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Àwọn àgbẹ̀ Asante wòye pé owó àwọn ni wọn yóò fi kọ́ etíkun. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, Bafuor Osei Akoto, ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ Asantehene, ṣáájú àwọn tó dá National Liberation Movement (NLM) sílẹ̀ lẹ́bàá odò Subin, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ Edusei nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì darapọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀bẹ, ìbọn àti bọ́ǹbù wọ ìṣèlú Kumasi láàárín oṣù kan. Wọ́n pa Emmanuel Baffoe, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ tuntun náà, ní oṣù Kẹwàá. Wọ́n yìnbọn pa arábìnrin Edusei ní 1955. Àwọn ọmọ CPP sì sá lọ sí Accra lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀rọ̀ kòkó náà kan ọmọ Yorùbá kan gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Adájọ́ Olumuyiwa Jibowu láti Nàìjíríà ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó wádìí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kòkó ní 1956. Edusei fúnra rẹ̀ ti sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ilé iṣẹ́ náà ni bọ́ǹbù átọ́míìkì CPP. Ìgbìmọ̀ Jibowu sì fi hàn pé ọwọ́ ẹgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Nínú Zongo pẹ̀lú, ìlà ti pín. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Mùsùlùmí, tó fara hàn ní 1954, bá àwọn Asante dòwò pọ̀ lòdì sí CPP, Amadu Baba, tó jẹ́ Sarkin Zongo, ìyẹn olórí gbogbo àwọn àlejò ní Zongo Kumasi, sì wà lára àwọn tó dúró gbọn-in tì í. Ní 1957, oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn òmìnira, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n lé òun àti olórí Mùsùlùmí mìíràn, Othman Larden Lalemi, kúrò ní Ghana gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àwọn méjèèjì lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní ọmọ Ghana ni àwọn. Ilé ẹjọ́ kò tíì parí ẹjọ́ náà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ṣe òfin kan tó dárúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì, tó sì fún mínísítà láṣẹ láti lé wọn, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí Kano ní oṣù Kẹjọ. Láìpẹ́ sí àkókò yẹn ni Edusei gba ipò mínísítà ètò abẹ́lé, tó ń darí ọlọ́pàá àti àṣẹ ìléniyọ. Àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé Amadu Baba kúrò nílùú nígbà rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1958 òfin tó jẹ́ kí ìjọba fi ènìyàn sí àtìmọ́lé láìsí ẹjọ́ wọlé. Bí a bá ń wá ibi tí olóṣèlú yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún Kumasi tò, ibí yìí ni, nítorí pé àwọn olórí tó ń pín ilé, tó ń parí ìjà ọjà, tó sì ń dúró fún àwọn àlejò níwájú ìjọba ni wọ́n yọ kúrò, tí ẹgbẹ́ sì fi àwọn tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Òfin ni wọ́n tún fi kojú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Sarkodee-Addo dìde láti wádìí ètò ìgbìmọ̀ ọba Kumasi, nígbà tó sì di 1958 òfin kan gba àkóso ilẹ̀ ọba Asante kúrò lọ́wọ́ ààfin, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé Brong àti Ahafo kúrò lára Asante, wọ́n sì fi Sunyani ṣe olú ìlú agbègbè tuntun náà. Prempeh II ti gba ti ìjọba nígbà náà, ó jọ pé ó mọ̀ pé ohun tí òun bá dákẹ́ fún ni yóò ṣẹ́kù. Òfin gba owó àti ìṣàkóso, ṣùgbọ́n kò sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti Àga Wúrà mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Edusei bọ́ sí ilé iṣẹ́ ìrìnnà, ìlú rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ náà dojú kọ. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Black Star Line, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1957 pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Zim ti Ísírẹ́lì, di ti Ghana nìkan. Ghana Airways, tí ìjọba dá sílẹ̀ pẹ̀lú BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Keje ọdún 1958, gba ọ̀nà kan náà, ó sì ra ọkọ̀ Ilyushin-18 mẹ́jọ lọ́wọ́ Soviet, èyí tó pọ̀ ju èrò tó fẹ́ wọ̀ wọ́n lọ, tí wọ́n fi ní láti dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Èbúté Tema, tí wọ́n ṣí ní 1962, fa ọjà òkè òkun sọ́dọ̀ Accra. Owó kòkó ló gbé púpọ̀ nínú èyí ró, kòkó náà sì pọ̀ jù ní agbègbè Asante. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rù ní 1954 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Ní Kumasi fúnra rẹ̀, ohun tó kan ìṣètò ìlú jù ní àkókò náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó di yunifásítì Kwame Nkrumah ní 1961, tí ó sì kọ́ àwọn ayàwòrán ilé àti olùṣètò ìlú. Ètò ẹ̀kọ́ ló bí i, kì í ṣe ètò ìrìnnà.

Ọdún 1961 ló ba nǹkan jẹ́ fún un. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, Nkrumah sọ̀rọ̀ lórí rédíò lòdì sí àwọn mínísítà tó ń kó ọrọ̀ jọ. Ní oṣù Keje, ìṣúná ọdún náà fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ máa fi apá kan owó oṣù pamọ́ fún ìjọba, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti èbúté Sekondi-Takoradi yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 17. Ibi tí òfin ìléniyọ kò ti lè ṣe nǹkan kan nìyí, nítorí pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì di ọ̀nà irin mú ní ti gidi. Kí oṣù náà tó parí, Nkrumah ti ní kí àwọn mínísítà kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn kan, Edusei lára wọn, fa ohun ìní tó bá kọjá ilé méjì, ọkọ̀ méjì àti ilẹ̀ díẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́.

Ibùsùn náà dé lẹ́yìn èyí. Ní 1962, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti kúrò ní ilé iṣẹ́ ìrìnnà lọ sí ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, Mary Edusei ra ibùsùn tí wọ́n fi wúrà bò ní London ní nǹkan bí £3,000, ariwo rẹ̀ sì mú kí ọkọ rẹ̀ kúrò nínú ìjọba fún ìgbà díẹ̀, kó tó padà wá di mínísítà ètò ọ̀gbìn. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ní Asante, ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò tí wọn kò rí: láyé àtijọ́, ọba ló ń gba ìpín láti inú wúrà olówó tó bá kú, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọrọ̀ hàn ní gbangba gbọ́dọ̀ gba oyè fún un láti ààfin. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó fi òṣèlú dìde, tó ti fọwọ́ sí gbígba àkóso ilẹ̀ ọba, kò ní ẹni tí yóò gba irú oyè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ìfipágbàjọba ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1966 sọ ọ́ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú àwọn mínísítà yòókù, ọjọ́ yẹn, 24 February, sì ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú àwọn òpópónà ńlá Kumasi lórúkọ. Òfin ìléniyọ tó ti mọ́ ọn lára láti lò kò bá a lọ sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tó ti jẹ́ aṣáájú àwọn alátakò CPP láyé NLM, fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti wá a tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn tí wọ́n bí sí Kumasi, tí àwọn bàbá wọn ti bá rélùwéè wọlé, ta ilé àti ọjà ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin tí àwọn ọmọ wọn kò mọ̀ rí. Ẹgbẹ́ ti yí padà, ẹni tó ń léni ti yí padà, àṣà náà kò yí.

Edusei tún dara pọ̀ mọ́ ìṣèlú nínú ẹgbẹ́ PNP tó wọlé ní 1979, ó sì kú ní 1984. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Ghana ti 1992, tó wà lójú iṣẹ́ di òní, fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí ibi tí CPP kò fẹ́ kó wà: ilẹ̀ ọba jẹ́ ti ọba fún àwọn ènìyàn rẹ̀, nínú owó tó ń ti ibẹ̀ wá, ìpín 10 nínú 100 lọ sí ọ́fíìsì tó ń gbà á, nínú ìyókù, ìpín 25 jẹ́ ti àga ọba, 20 jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, 55 sì jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣètò ìlú. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọjà àti ibùdókọ̀ Kejetia kọ́ ní 2015, Accra ló wá owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ Brazil kan ló kọ́ ọ, Manhyia ló sì ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀.